Yíyan Ìbọn Ọdẹ, àti Bí A Ṣe Ń Ṣe Èyí Tí A Jogún

Ráífù àkọ́kọ́ tí mo fi owó ara mi rà ní Texas lágbára ju èjìká mi lọ. .300 Winchester Magnum, ọta ńlá kan tó lágbára gan-an, ló ń yìn. Ẹni tó tà á fún mi ní kò sí àgbọ̀nrín tí kò lè pa, òótọ́ ló sì sọ. Ohun tí kò sọ ni pé àgbọ̀nrín Texas kì í fi bẹ́ẹ̀ tóbi, kò nílò gbogbo agbára yẹn. Kí n tó yin ogún ọta lórí pápá, èjìká mi ti wú, ojú mi sì ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń dì kí ìbọn tó dún. Lọ́jọ́ tí mo wá rí àgbọ̀nrín gidi, ojú mi dì, ọwọ́ mi fa ẹnu ìbọn wálẹ̀, ọta sì bá a níkùn. A tọ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú, a ò rí i. Ó ṣì ń dùn mí.

Ṣakabùlà kan ṣoṣo ni bàbá mi, ọdẹ ní Òkè-Ògùn, lò títí ó fi dàgbà. Bó bá yìn ín lẹ́ẹ̀kan, àfi kó tún kì í kó tó lè yìn ín lẹ́ẹ̀kejì, nítorí náà ó máa ń sún mọ́ ẹran títí tí kò fi ní sí iyèméjì. Òun ni mo rántí nígbà tí mo ta .300 náà. Mo kọ èyí fún ẹni tó fẹ́ ra ráífù ọdẹ ní Amẹ́ríkà, àti fún ẹni tí ìbọn àgbà bọ́ sí lọ́wọ́ tí kò mọ ohun tí yóò fi ṣe.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ òfin

Ẹni tó ní green card àti ẹni tó ti di ọmọ ìlú lè ra ráífù lọ́wọ́ oníṣòwò tó ní ìwé àṣẹ ìjọba àpapọ̀, bí kò bá sí ẹ̀ṣẹ̀ mìíràn lọ́rùn wọn. Wọ́n á kún fọ́ọ̀mù 4473, oníṣòwò á sì ní kí wọ́n yẹ orúkọ wọn wò. Ti ẹni tó wá pẹ̀lú físà ìgbà díẹ̀, bóyá ti àbẹ̀wò tàbí ti ẹ̀kọ́, yàtọ̀ pátápátá. Òfin àpapọ̀ ka ìbọn àti ọta léèwọ̀ fún un, àfi bó bá bọ́ sí ara àwọn díẹ̀ tí òfin yọ sílẹ̀, irú bí ẹni tó gba ìwé àṣẹ ọdẹ tí ọjọ́ rẹ̀ kò tíì kọjá. Ẹ má ṣe gbọ́ èyí lẹ́nu ọ̀rẹ́ kí ẹ sì gbára lé e. Ẹ bi lọ́yà. Ẹ̀wọ̀n àti lílé kúrò nílùú ló wà nídìí àṣìṣe níbẹ̀.

Ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan tún ní tirẹ̀. Ní Texas, ẹnikẹ́ni tí wọ́n bí ní ọjọ́ 2 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1971 tàbí lẹ́yìn rẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ́ ẹ̀kọ́ ọdẹ kó tó ṣọdẹ. Ẹ lọ kọ́ ọ, kódà bí ọjọ́ orí yín bá yọ yín sílẹ̀.

Ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n á kọ́ yín níbẹ̀, àwọn àgbà ti sọ ọ́ tipẹ́: ìbọn ní apátí, kò ní apátí, ta ní jẹ́ jẹ́ kí a kọ ìbọn sí òun lójú? Gbogbo ìbọn ni ọta wà nínú rẹ̀ títí ẹ ó fi fi ojú ara yín rí i pé kò sí. Ẹ má kọ ẹnu rẹ̀ sí ohun tí ẹ kò fẹ́ pa. Ìka kò gbọdọ̀ kan apátí àfi ìgbà tí ojú bá ti wà lára ẹran. Ẹ sì mọ ohun tó wà lẹ́yìn ẹran náà, torí ọta ráífù tó bá tàsé lè rin ju máìlì kan lọ, bí a bá sì sọ òkò sọ́jà, ará ilé ẹni ní í bá.

Ẹran wo, ní ilẹ̀ wo?

Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń ra ìbọn tán kí wọ́n tó béèrè ohun tí wọ́n fẹ́ fi pa. Ẹ yí i padà. Ní àárín gbùngbùn Texas, níbi tí òkè àti òkúta pọ̀ sí, inú ahéré ìlúgọ la sábà máa ń jókòó, àgbọ̀nrín á sì jáde ní nǹkan bí 100 yáàdì. Nínú igbó páìnì ní ìlà-oòrùn ìpínlẹ̀ náà, ẹ lè má rí ju 50 yáàdì lọ. Ẹni tó ń lọ sí orí òkè Colorado lọ wá elk, ẹran tó wúwo ju àgbọ̀nrín wa lọ ní ìlọ́po mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ohun mìíràn ló ń wá.

Ní ìpínlẹ̀ mìíràn, òfin ti yan ọta fún yín. Ní Ohio, bó bá jẹ́ ráífù lẹ fẹ́ fi pa àgbọ̀nrín, àfi èyí tí kóró ọta rẹ̀, ìyẹn agolo idẹ tí ẹ̀tù wà nínú rẹ̀, rí gbọọrọ láti ìsàlẹ̀ dókè, tí ọrùn rẹ̀ kò fún bíi ti ìgò. Nítorí irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni ilé iṣẹ́ Winchester ṣe gbé .350 Legend jáde ní ọdún 2019. Ẹni tó bá ra .308 ní Houston tó sì kó lọ sí Columbus yóò rí i pé ìbọn òun kò wúlò fún àgbọ̀nrín níbẹ̀.

Kíka nọ́ńbà ara ọta

Àwọn nọ́ńbà yìí máa ń da orí èèyàn rú nítorí pé kò sí ìlànà kan ṣoṣo tó so wọ́n pọ̀. Ẹ wo .30-06. 30 tó ṣáájú ń sọ bí ihò ọ̀pá ìbọn ṣe fẹ̀ tó nínú ínǹṣì. 06 jẹ́ ọdún 1906 tí ẹgbẹ́ ọmọ ogun Amẹ́ríkà gbà á wọlé. Àmọ́ nínú .30-30, 30 kejì jẹ́ ìwọ̀n ẹ̀tù tí wọ́n kọ́kọ́ ń rọ sínú rẹ̀, gréènì 30. Ọta .270 kò tilẹ̀ fẹ̀ ní .270; .277 ni. .308 àti .30-06 ń lo ọta tí fífẹ̀ wọn bára mu, ṣùgbọ́n kóró .308 gùn ní mìlímítà 51, ti .30-06 sì jẹ́ 63. Ará Yúróòpù ní tiwọn máa ń kọ ìwọ̀n méjèèjì, bí i 6.5x55 ti ilẹ̀ Sweden: fífẹ̀ ọta, lẹ́yìn náà gígùn kóró.

Nítorí náà, ohun tí wọ́n kọ sára ọ̀pá ìbọn gbọ́dọ̀ bá ohun tí wọ́n kọ sí ìdí ọta mu, lẹ́tà dé lẹ́tà. Ó fẹ́ẹ̀ bára mu kò sí níbí. Ọta .300 Blackout lè wọ inú ìbọn .223, ọ̀pá á sì fọ́ mọ́ ẹni tó yìn ín lójú, nítorí ọta náà fẹ̀ ju ihò tó fẹ́ gbà kọjá lọ. Ẹni tó ní méjèèjì nílé kò gbọdọ̀ kó ọta wọn sínú àpò kan náà láé.

Èwo ni kí ẹ rà? Bó bá jẹ́ àgbọ̀nrín àti ẹlẹ́dẹ̀ igbó ni, tí ẹ kò sì tíì yin ráífù rí, mo fara mọ́ .243 Winchester, tó ti wà láti 1955, 6.5 Creedmoor tí ilé iṣẹ́ Hornady gbé jáde ní 2007, tàbí .308 Winchester ti 1952. .243 rọrùn fún èjìká ju gbogbo wọn lọ, ṣùgbọ́n ọta rẹ̀ kéré, ó sì ń fẹ́ ẹni tó mọ ibi tó ń yìn sí. 6.5 Creedmoor kì í gbá ni púpọ̀, ó sì máa ń rìn tààrà dé ọ̀nà jíjìn. Ní tèmi, .308 ni mo fi rọ́pò ìbọn tí mo tà, nítorí kò sí ìlú kékeré tí mo dé ní Texas tí mi ò ti rí ọta rẹ̀ rà. Èyí ṣe pàtàkì ju bí àwọn èèyàn ṣe rò lọ: ìbọn tí ọta rẹ̀ ṣọ̀wọ́n kò ní jẹ́ kí ẹ fi kọ́ṣẹ́ tó.

Ẹni tó fẹ́ ìbọn kan ṣoṣo fún àgbọ̀nrín lónìí àti elk lọ́la, kó wo .30-06, tàbí .270 tó jáde ní 1925. Ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún tí .30-06 ti wà lẹ́nu iṣẹ́, kò sì sí ohun tó sọ ọ́ di aláìwúlò. Àwọn Magnum ńlá dára fún ẹni tó nílò wọn. Ẹni náà mọ ara rẹ̀, kò ní béèrè lọ́wọ́ mi.

Orí ọta náà tún wà o. Ọta tí bàbà bò látòkè délẹ̀, irú tí wọ́n ń lò lójú ogun tàbí fún ìdánwò lórí pápá, máa ń gba inú ẹran kọjá bí abẹ́rẹ́ láì tàn. Kì í ṣe ti ọdẹ. Èyí tí orí rẹ̀ rọ̀, tàbí èyí tó jẹ́ bàbà pátápátá tí wọ́n gbẹ́ orí rẹ̀ kó lè là bí òdòdó, ni kí ẹ rà. Ní California, láti oṣù Keje 2019, ẹ kò lè fi ọta olójé ṣọdẹ rárá.

Ojú kọ́kọ́, èjìká tẹ̀ lé e

Bí olúkúlùkù ṣe ní ọwọ́ ọ̀tún tàbí òsì ló ní ojú tó ń ṣáájú èkejì. Ẹ na ọwọ́ méjèèjì síwájú, ẹ fi wọ́n ṣe ihò kékeré kan láàárín, ẹ la ojú méjèèjì kí ẹ sì wo ohun kan tó jìnnà láti inú ihò náà. Ẹ wá di ojú òsì. Bí ohun náà bá ṣì wà nínú ihò, ojú ọ̀tún ló ń ṣáájú. Bó bá sá kúrò, ojú òsì ni. Ẹni tó ń lo ọwọ́ ọ̀tún tí ojú òsì rẹ̀ sì ń ṣáájú máa ń bá ara rẹ̀ jà lórí ìbọn láì mọ ìdí. Kó kọ́ láti fi èjìká òsì yìn ín nígbà tó ṣì ń bẹ̀rẹ̀, kó sì ra ìbọn ọlọ́wọ́ òsì.

Lẹ́yìn èyí, ẹ yẹ ìbọn wò pé òfìfo ni, ẹ kọ ẹnu rẹ̀ sí ibi tí kò léwu, ẹ di ojú méjèèjì, ẹ gbé e sí èjìká bó ṣe rọ̀ yín lọ́rùn, kí ẹ tó la ojú. Bí ojú yín bá bọ́ sí àárín awò ìbọn gbọnrangandan, ìbọn náà bá yín mu. Bí ẹ bá ní láti na ọrùn tàbí sún orí sẹ́yìn, ìdí rẹ̀ ti gùn jù tàbí kúrú jù. Wọ́n máa ń ṣe ọ̀pọ̀ ìbọn ní nǹkan bí ínǹṣì 13 àbọ̀ láti apátí dé ìdí. Obìnrin àti ọ̀dọ́ máa ń rí i pé ó gùn jù fún wọn, alágbẹ̀dẹ ìbọn sì lè gé e. Mo ti rí ọkọ tó gbé ìbọn ara rẹ̀ lé ìyàwó lọ́wọ́, tó wá ń sọ pé ìyàwó òun kò lè yìnbọn. Ìbọn ló gùn jù fún un.

Ìbọn tó fúyẹ́ dùn láti gbé kiri, ṣùgbọ́n bó bá ṣe fúyẹ́ tó ni yóò ṣe gbá yín tó. Pọ́n-ùn 7 sí 8 pẹ̀lú awò dára fún ọ̀pọ̀ èèyàn.

Ní ti ẹ̀rọ rẹ̀, mi ò ní pẹ́ níbẹ̀. Bolt action, èyí tí à ń fi ọwọ́ fa irin rẹ̀ sẹ́yìn kí ọta tó wọlé, rọrùn láti nu, ó sì rọrùn láti rí i pé òfìfo ni. Ẹ̀dà ìbọn Mauser ti Jámánì ní 1898 ni púpọ̀ nínú wọn ṣì jẹ́ títí di òní. Awò tó ń sún nǹkan mọ́ni ní ìlọ́po 3 sí 9 tó fún gbogbo ohun tí mo ti dárúkọ. Ẹ má ṣe ra awò pọ́ọ́kú lé ìbọn olówó iyebíye.

Lórí pápá

Ẹ bẹ̀rẹ̀ ní 25 yáàdì. Ẹ yin ọta mẹ́ta, ẹ wo àárín wọn, kì í ṣe èyí tó dára jù. Ọ̀pọ̀ awò máa ń sún ọta ní ìdá mẹ́rin ínǹṣì ní 100 yáàdì nígbàkígbà tí ẹ bá yí i tó dún kọ̀. Ní 25 yáàdì, ìdá mẹ́rìndínlógún ínǹṣì ni. Bí ọta bá lọ sílẹ̀ ní ínǹṣì kan ní 25, ẹ yí i sókè ní ìgbà 16. Ẹ wá lọ sí 100 yáàdì. Bó bá lọ sílẹ̀ ní ínǹṣì 2 níbẹ̀, ìgbà 8 ti tó. Ẹ jẹ́ kí ọ̀pá tutù láàárín.

Nígbà tí ìbọn bá ti gbọ́ tiyín, ẹ kúrò lórí tábìlì, torí kò sí tábìlì nínú igbó. Ẹ ra àwo bébà tó fẹ̀ ní ínǹṣì 6, tó fẹ́ẹ̀ tó ibi tí ọkàn àti ẹ̀dọ̀fóró àgbọ̀nrín wà. Ẹ jókòó sílẹ̀, ẹ yin ọta márùn-ún. Ibi tó jìnnà jù tí márùn-ún náà ti wọ àwo ni òpin agbára yín. Tèmi jẹ́ 150 yáàdì, mi ò sì kọjá ibẹ̀ rí, bó ti wù kí ìwo ẹran náà wuyì tó.

Ohun tó wo ojú dídì mi sàn rèé. Ọ̀rẹ́ mi kan máa ń bá mi kó ọta sí ìbọn, á fi ọta àdámọ̀, èyí tí kò ní ẹ̀tù, sí àárín àwọn gidi láì jẹ́ kí n mọ ipò rẹ̀. Bí mo bá fa apátí tí ìbọn kò dún, gbogbo wa á rí ẹnu rẹ̀ tó rì sílẹ̀. Ó gbà mí ní oṣù méjì gbáko kó tó dúró.

Ìbọn tí a jogún

Ìyá àgbà òyìnbó kan ní àdúgbò wa ké sí mi lẹ́yìn ikú ọkọ rẹ̀. Ó fẹ́ fún ọmọ ọmọ rẹ̀ ní ìbọn tí bàbá náà fi ń ṣọdẹ. Inú àpò awọ ló wà, nínú kọ́bọ́ọ̀dù, láti bí ogún ọdún. Mo kọ ẹnu rẹ̀ sí ilẹ̀, mo fa irin rẹ̀ sẹ́yìn, ọta kan sì já bọ́ sórí kápẹ́ẹ̀tì. Ìyá náà fi ọwọ́ bo ẹnu. Àwọn ọmọ ti ń ṣeré nínú yàrá yẹn láti ìgbà yẹn wá.

Nítorí náà, ohun àkọ́kọ́ ni pé kí ẹ ṣí i, kí ẹ fojú wò ó, kí ẹ tún fi ìka kan inú yàrá ọta. Bí irin rẹ̀ bá ti dì pa, ẹ má fi òòlù lù ú. Ẹ pe alágbẹ̀dẹ ìbọn. Bó bá jẹ́ ìbọn tí à ń kì láti ẹnu, ẹ̀tù àtijọ́ lè wà nídìí rẹ̀ síbẹ̀, ó sì lè gbiná lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún. Ìkejì, ẹ yọ ọ́ kúrò nínú awọ. Awọ máa ń fa omi mọ́ra, a sì máa jẹ irin.

Ìkẹta ló gba sùúrù jù: ẹ ka gbogbo ohun tí wọ́n tẹ̀ sára irin rẹ̀. Ti ìyá àgbà yìí jẹ́ Springfield 1903, ráífù àtijọ́ ti ẹgbẹ́ ọmọ ogun Amẹ́ríkà, nọ́ńbà ara rẹ̀ kò sì tó 800,000. Àwọn tó ṣe irin wọ̀nyẹn nígbà náà ń fi ojú lásán wo àwọ̀ irin nínú iná láti mọ̀ bóyá ó ti gbóná tó, ìmọ́lẹ̀ òòrùn sì máa ń tàn wọ́n jẹ. Àwọn kan jóná kọjá bó ṣe yẹ, irin wọn wá di ohun tó lè fọ́ bí ìkòkò. Bákan náà ni ti Rock Island, ilé iṣẹ́ kejì tó ṣe irú ìbọn yìí, tí nọ́ńbà rẹ̀ kò tó 285,507. Mo sọ fún un pé kí ó gbé e kọ́ sórí ògiri, kí ẹnikẹ́ni má yìn ín mọ́. Inú rẹ̀ kò kọ́kọ́ dùn.

Bí ẹ bá rí ìbọn tí kò ní nọ́ńbà rárá, ẹ má bẹ̀rù. Kí òfin ọdún 1968 tó dé, kò pọn dandan pé kí gbogbo ìbọn ní in. Àmọ́ èyí tí wọ́n ti fi fáìlì pa nọ́ńbà rẹ̀ rẹ́, ẹ̀ṣẹ̀ ni láti fi pamọ́, ẹ tètè kàn sí lọ́yà. Ìbọn tí wọ́n ṣe ní 1898 tàbí ṣáájú, òfin àpapọ̀ kà á sí ohun àtijọ́, ọwọ́ rẹ̀ sì fúyẹ́ díẹ̀ lórí rẹ̀.

Lára ìbọn Bẹ́líjíọ̀mù, ẹ ó rí lẹ́tà ELG nínú òrùka tó rí bí ẹyin: wọ́n ti dán an wò ní Liège nìyẹn. Ilé ìdánwò Birmingham náà ti ń tẹ àmì tirẹ̀ láti 1813. Bí ìbọn ọ̀rúndún kọkàndínlógún kò bá ní àmì pé wọ́n fi ẹ̀tù òde òní dán an wò, ẹ gbà pé ẹ̀tù dúdú nìkan ni wọ́n ṣe é fún. Ẹ̀tù òde òní lágbára jù fún un.

Ìkẹrin, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ alágbẹ̀dẹ ìbọn kí ó wọn yàrá ọta rẹ̀ kí ẹ tó ronú láti yìn ín. Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé ohun tó wà lára irin nìkan. Ọ̀pọ̀ Mauser ni àwọn ọmọ ogun gbé délé tí àwọn kan sì pààrọ̀ ọ̀pá rẹ̀. Àmì àtijọ́ ṣì wà lára rẹ̀ nígbà tí inú rẹ̀ ti di nǹkan mìíràn.

Bó bá jẹ́ Winchester 94 lẹ jogún, ẹ yọ̀. John Moses Browning ló ya àwòrán rẹ̀, ó sì lé ní mílíọ̀nù méje tí wọ́n ṣe. Ọ̀pọ̀ rẹ̀ jẹ́ .30-30, tó jáde ní 1895, ó sì ṣì dára fún àgbọ̀nrín dé 150 yáàdì. Ṣùgbọ́n ọta rẹ̀ máa ń tò tẹ̀ lé ara wọn nínú ọ̀pá kékeré tó wà nísàlẹ̀, orí ọ̀kan á kan ìdí èkejì. Bí ẹ bá fi ọta ẹlẹ́nu ṣóńṣó sí i, ó lè gún ìdí èyí tó wà níwájú kó sì gbiná níbẹ̀. Ìdí nìyí tí orí ọta rẹ̀ fi máa ń pẹ́tẹ́. Àwọn tí wọ́n ṣe kí ọdún 1964 tó dé ni àwọn olùfẹ́ ìbọn ń wá jù, torí ọdún yẹn ni ilé iṣẹ́ náà yí ọ̀nà ìṣe rẹ̀ padà. Ilé àkójọ ìbọn tó wà ní Cody, ní Wyoming, ní ìwé àkọsílẹ̀ àtijọ́ Winchester lọ́wọ́, wọ́n sì lè sọ ohun tí ìwé náà wí nípa èyí tó wà lọ́wọ́ yín, bí nọ́ńbà rẹ̀ bá wà nínú rẹ̀.

Ẹ má fi bébà ìfọ́gi kàn án. Ẹ má kun igi rẹ̀. Àwọ̀ ilẹ̀ tó wà lára irin àgbà ni ẹwà rẹ̀ àti owó rẹ̀, ẹni tó bá fọ̀ ọ́ kúrò ti bà á jẹ́. Epo ìbọn díẹ̀ lórí aṣọ rírọ̀ ti tó. Bí ẹ bá ti yin ọta ológun àtijọ́ nínú rẹ̀, ẹ fi omi gbígbóná fọ inú ọ̀pá kí ẹ tó fi òróró sí i, torí iyọ̀ tí irú ọta bẹ́ẹ̀ máa ń fi sílẹ̀ kì í gbọ́ ti epo.

Ṣakabùlà bàbá mi wà nílé lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi, pẹ̀lú ìwé àṣẹ rẹ̀. Òyìnbó ń pè é ní Dane gun nítorí àwọn oníṣòwò Denmark, àmọ́ láti Birmingham àti Liège ni púpọ̀ nínú wọn ti wá, àwọn alágbẹ̀dẹ wa sì mọ̀ ọ́n rọ. Nígbà ogun Kírìjì, 1877 sí 1893, ìbọn tuntun tí à ń kì láti ẹ̀yìn, tí àwọn ọmọ Èkìtì ní Èkó rà ránṣẹ́ sílé, fi hàn pé ṣakabùlà kò tó mọ́ lójú ogun. Síbẹ̀ kò kúrò lọ́wọ́ ọdẹ. Nígbà tí a ṣe ìsípà bàbá wa, ọ̀kan lára àwọn ọdẹ gbé ìbọn náà wò, ó ní irin páìpù omi ni wọ́n fi pààrọ̀ ọ̀pá rẹ̀ nígbà kan. Kò sí ẹni tó yìn ín láti ọjọ́ náà. Ẹ̀gbọ́n mi ń fi epo pa á lóṣooṣù.

Ohun tó kù ni ìwé. Ẹ mú bébà kan, ẹ kọ orúkọ ẹni tó ni ìbọn náà, ọdún tó rà á bí ẹ bá mọ̀ ọ́n, ibi tó fi ṣọdẹ, ohun tí alágbẹ̀dẹ bá nínú rẹ̀, àti bóyá ó yẹ kí wọ́n yìn ín tàbí kò yẹ. Ìyá àgbà yẹn kọ tirẹ̀ sínú káàdì ọjọ́ ìbí kan, ó sì so ó mọ́ apátí pẹ̀lú okùn pupa: "Ti bàbá àgbà rẹ ni. Má yìn ín."